Yukalípítọ́sì ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn: Láti Inú Ọ̀rá Nọ́sìrì Títí Di Igi Gíga

Ọdún àkọ́kọ́ la fi ń mọ yukalípítọ́sì tí yóò ga. Tó bá ti la ẹ̀ẹ̀rùn kejì já, ohun tó lè pa á kò pọ̀ mọ́: gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ jìnnà wá omi, màlúù kì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀, bí iná bá sì jó o, ìdí rẹ̀ sábà máa ń tún hù. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní igi tí kò fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ fún igi ọlọ́dún mẹ́ta. Irọ́ gbáà ni fún ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń pa á nígbà yẹn: gbòǹgbò tó ti ká mọ́ra nínú ọ̀rá kí a tó gbìn ín, koríko, àti ikán. Omi púpọ̀ àti ajílẹ̀ púpọ̀ kì í wo ọ̀kankan sàn nínú wọn.

Ilẹ̀ ọ̀dàn la ń bá wí níbí: Òkè-Ògùn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti Kìṣí, Ògbómọ̀ṣọ́, agbègbè Ìlọrin, títí wọ Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òjò ibẹ̀ kì í sábà ju oṣù méje lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì lè lo oṣù márùn-ún. Ẹni tó bá wà nínú ẹgàn, ní Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú, oríṣi mìíràn ni yóò gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà gbígbìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Oríṣi tí ẹ ó béèrè

Oríṣi yukalípítọ́sì ju 700 lọ, Australia sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wá. Bí ẹ bá kàn dé nọ́sìrì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi tà, tí ẹ ní yukalípítọ́sì lẹ fẹ́, èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa gbé fún yín. Èyí tó bá ọ̀dàn mu jù ni Eucalyptus camaldulensis. Etí odò ni ilé rẹ̀ ní Australia, àní láwọn ibi tí odò ti máa ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí nìyẹn tó fi mọ ọ̀nà àtilọ wá omi nísàlẹ̀. Ó lè ga tó mítà 20 sí 30 níbi tí ilẹ̀ bá jìn. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í sábà nà ró gbọnrangandan. Eucalyptus tereticornis jẹ́ ìbátan rẹ̀, ó máa ń tọ́ jù ú lọ díẹ̀, òjò tó fẹ́ sì pọ̀ díẹ̀ jù.

Ẹ má gba Eucalyptus grandis. Igi tó rẹwà gan-an ni, ó tọ́ bí ọfà, àmọ́ orí òkè tútù bíi Mambilla ló yẹ ẹ́; ẹ̀ẹ̀rùn Ìsẹ́yìn á gbẹ ẹ́ dànù. Èyí tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bá rún un ni Corymbia citriodora, òun náà dára, àmọ́ kì í ṣe òun là ń wí. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó nírun lára ní kékeré, ni Corymbia torelliana, tó wúlò fún ìhà ẹgàn. Ewé camaldulensis tín-ín-rín, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tí eérú ta sí díẹ̀.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè ibi tí irúgbìn ti wá. Fún ilẹ̀ olóoru tó ní ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, camaldulensis tí irúgbìn rẹ̀ wá láti Petford ní Queensland ti fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pé ó ń yára, ó sì ń tọ́. Irúgbìn tí a kàn gbọ̀n lára igi wíwọ́ kan lẹ́bàá títì kò ní bí igi gbọnrangandan. FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó, tó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, ni ibi tó dára láti kọ́kọ́ béèrè.

Èyí kékeré ni kí ẹ rà

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ ní nọ́sìrì, àwọn kan ga dé orúnkún, àwọn kan ga dé àyà, ọ̀rá kan náà ni gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Ojú oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ èyí tó ga dé àyà. Èyí tó ti gbó sínú ọ̀rá nìyẹn. Ọmọ yukalípítọ́sì tó tó gbìn kò yẹ kó ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, kò sì yẹ kó ga ju sẹ̀ǹtímítà 25 sí 40 lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀: ó yẹ kó ti máa le, kó sì ti máa pọ́n díẹ̀ bí igi, kó má rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Ẹ rọra tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ sì fi sílẹ̀. Tó bá dìde padà, ó dára. Tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú òjìji ni wọ́n ti tọ́ ọ, oòrùn oko á pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ọ̀kan tí ẹ máa bà jẹ́. Ẹ ya ọ̀rá rẹ̀, ẹ fi omi fọ erùpẹ̀ kúrò, kí ẹ wo gbòǹgbò. Èyí tó dára ní gbòǹgbò kan tó lọ tààrà sísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́ funfun tó tàn ká. Èyí tó ti bàjẹ́, gbòǹgbò ńlá rẹ̀ á ti dé ìsàlẹ̀ ọ̀rá, á ti ṣẹ́rí, á sì ti máa yí po bíi okùn tí a ká sínú igbá. Yukalípítọ́sì kì í tú gbòǹgbò tó ti ká. Bó ṣe ká nínú ọ̀rá ni yóò ṣe máa ki nínú ilẹ̀, àwọn òrùka náà á máa sanra, wọ́n á sì máa fún ara wọn lọ́rùn. Ọdún àkọ́kọ́ kò ní fi nǹkan hàn. Ewé á tutù yọ̀yọ̀, igi á máa ga. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ máa gbé e ṣubú. Tí ẹ bá wo ìdí rẹ̀, ẹ máa rí i pé gbòǹgbò tó yẹ kó ti lọ jìnnà kò tíì ju ẹnu ihò tí ẹ gbìn ín sí lọ.

Bí ẹ bá rí i pé èyí tí ẹ bà jẹ́ wò ti ká, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún olówó wọn, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ hù ú fúnra rẹ̀, oṣù kìíní sí ìkejì ni kó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ igi lè tó gbìn ní oṣù kẹfà. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí iyẹ̀fun. Gíráàmù kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúgbìn nínú. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó lè ṣeé fọ́n ká dọ́gba, ẹ fọ́n ọn sórí ibùsùn yanrìn tí ẹ ti fi omi gbígbóná wẹ̀, kí ẹ sì fi yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó, kó kàn máà hàn síta. Láàárín ọjọ́ 5 sí 14 ni yóò hù. Omi tí a dà lé e lórí gbàà ni yóò gbá a lọ, nítorí náà ẹ lo ìfọ́nmi tí ojú rẹ̀ wẹ́, tàbí kí ẹ gbé àwo irúgbìn sínú omi kí omi máa gòkè láti ìsàlẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá ń ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí ìdí wọn rọ, tó sì dúdú, àrùn olú ló wọ inú ilẹ̀ náà: omi pọ̀ jù, atẹ́gùn kò sí, àbí ẹ fọ́n irúgbìn nípọn jù.

Nígbà tí ewé bá ti yọ ní méjìméjì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú wọn lọ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá gígùn sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, tó ti lu ihò ní ìsàlẹ̀, ni kí ẹ lò. Erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ ọwọ́ mẹ́ta, yanrìn ọwọ́ kan, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa ọwọ́ kan. Fi ìka gbẹ́ ihò tó jìn, kí gbòǹgbò lè wọlé tààrà. Bí ó bá ṣẹ́ sókè níbí, ó ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣíji bò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà tí gbòǹgbò bá ti ń yọjú nísàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ máa gbé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kí ẹ sì gé ohun tó yọ síta. Ní oṣù tó kẹ́yìn, ẹ ká òjìji kúrò pátápátá, ẹ dín omi kù títí ewé á fi máa rọ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí á sì tún dìde lálẹ́. Ìyà yẹn ló ń mú ara rẹ̀ le.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ gbìn ín sí

Ẹ jìnnà sí ilé, kànga àti sọ́kàwéè ní mítà 20 ó kéré tán. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ibi tí omi wà. Camaldulensis sì tún ní ìwà kan: ẹ̀ka ńlá lè já lójijì lọ́jọ́ tí kò sí atẹ́gùn rárá, nínú oòrùn gangan. Nítorí náà kì í ṣe igi tí a ń gbìn sí ojúde, sí ibùdókọ̀, tàbí síbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ṣeré. Ẹ má gbìn ín sí àkùrọ̀ tàbí sí orísun omi abúlé; igi tó ń yára tó báyìí ń mu omi púpọ̀, ẹni tó bá sì ń fi omi yẹn gbin ẹ̀fọ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan ń gbìn ín síwájú ilé kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Òórùn igi tó dúró lórí ìdúró kì í lé ẹ̀fọn. Ìtàn náà ní ìdí o: ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbin yukalípítọ́sì sí ilẹ̀ àbàtà ní Tre Fontane lẹ́bàá Róòmù nítorí ibà, ìrètí àwọn tó gbìn ín sì ni pé igi á fa omi àbàtà gbẹ. Ẹni tí kò ní àbàtà níwájú ilé, kó ra nẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ wò ni yangí. Ẹ gbẹ́ ihò kan wò dé sẹ̀ǹtímítà 80. Tí ẹ bá pàdé yangí líle kí ẹ tó dé 50, igi yẹn kò ní ga. Á hù, á dàgbà fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà á dúró sójú kan, orí rẹ̀ á sì máa kú lọ́dọọdún. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Bí kò bá sí ibòmíràn, ẹ fi dígà fọ́ yangí náà já, nítorí kíkó erùpẹ̀ rere kún orí yangí tí a kò fọ́ dà bíi kíkó o sínú abọ́.

Gbígbìn

Ẹ gbẹ́ ihò ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún: sẹ̀ǹtímítà 40 ní fífẹ̀, 40 ní jíjìn. Erùpẹ̀ òkè, ẹ kó o sí apá ọ̀tún; ti ìsàlẹ̀, sí apá òsì. Bí ẹ bá ń gbin púpọ̀ fún òpó àti igi ìkọ́lé, ẹ fi mítà 3 sí àárín igi kan àti èkejì lọ́nà méjèèjì. Éékà kan á gba nǹkan bí igi 450. Fún igi ìdáná, mítà 2.5 tó, éékà á gba nǹkan bí 650. Igi kan ṣoṣo nínú ọgbà ńlá, ẹ fún un ní àyè tirẹ̀.

Má gbìn ín ní òjò àkọ́rọ̀. Òjò oṣù kẹrin a máa tan èèyàn, á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ dúró títí òjò á fi múlẹ̀, tí ilẹ̀ á sì tutù dé sẹ̀ǹtímítà 40. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́, tó bá di mọ́ra láì ṣe ẹrẹ̀, àsìkò tó. Ní Òkè-Ògùn, oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje nìyẹn. Èyí tí a bá gbìn lẹ́yìn àárín oṣù kẹjọ kò ní rí òjò tó kí ọyẹ́ tó dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ gbígbìn, ẹ bomi rin ọ̀rá dáadáa. Ẹ fi abẹ fá ìsàlẹ̀ ọ̀rá kúrò ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan, pẹ̀lú gbòǹgbò tó bá ti fẹ́ máa ká níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò *pátápátá*. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó fún ní iye ihò máa ń lu ọ̀rá ní ihò méjì kí wọ́n sì sọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye ọ̀rá tí wọ́n kó jáde, kó bá iye igi mu, kí ẹ tó sanwó. Erùpẹ̀ òkè ni kó kọ́kọ́ wọ ihò. Ẹ gbé ọmọ igi sí i kí ojú erùpẹ̀ ọ̀rá rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba, tàbí kó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yí ká, kí àyè atẹ́gùn má ṣẹ́kù lẹ́bàá gbòǹgbò. Ẹ fi ìka méjì fa ewé kan. Tí ewé bá já tí igi kò sì mì, ó ti múlẹ̀.

Má fi igi tì í lẹ́yìn. Ọmọ igi tí atẹ́gùn ń mì ni ìdí rẹ̀ ń sanra. Èyí tí a so mọ́ òpó á ga lófìfo, ọjọ́ tí a bá tú u, á tẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ rìn yíká kí ẹ pààrọ̀ èyí tó kú. Èyí tí a bá pààrọ̀ lọ́dún kejì kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, òjìji àwọn yòókù ni yóò wà títí.

Fún ajílẹ̀, gíráàmù 50 NPK 15-15-15 tó fún igi kan, ní oṣù kan lẹ́yìn gbígbìn, nínú ihò kékeré méjì tó jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀. Ẹ ro koríko kí ẹ tó fi sí i. Èyí tí a fi sínú koríko, koríko ló jẹ ẹ́.

Koríko

Koríko ń ṣe é ju oòrùn lọ. Gbòǹgbò èkan àti ti ọmọ igi jọ wà nínú sẹ̀ǹtímítà 30 òkè ilẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èkan sì ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí èèyàn bá pẹ́ kó tó ro ó, igi á dúró ní orúnkún, ewé rẹ̀ á pọ́n bí èyí tí àìsàn mú. Ẹ ro àyíká igi kọ̀ọ̀kan ní òrùka mítà kan, títí ilẹ̀ á fi hàn, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn, oṣù kẹjọ, àti òpin oṣù kẹwàá. Ẹ lè fi àdá ṣán ti àárín ìlà. Lọ́dún kejì, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Nígbà tí orí àwọn igi bá ti ń pàdé ara wọn, òjìji á ran yín lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjìji camaldulensis fúyẹ́.

Ṣọ́ra fún ọkọ́ lẹ́bàá ìdí. Ọgbẹ́ kékeré lára èèpo ni ẹnu ọ̀nà ikán.

Ẹni tó bá ń lo glyphosate, oògùn tó ń pa koríko, kó mọ̀ pé yukalípítọ́sì kò gbà á rárá. Ìkùukùu díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé dé ara ewé tó láti mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ di tín-ín-tìn-ìn-tín kó sì dìdì jọ. Ẹ fi ife ọ̀rá bo igi náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, kí ẹ sì fọ́n ọn láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó dùn jù ni kí ẹ gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín ìlà lọ́dún àkọ́kọ́, ní mítà kan sí igi: ẹni tó bá ń ro ẹ̀pà ti ń ro igi náà nìyẹn. Ẹ má gbin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ń fa ẹ̀gẹ́ lẹ máa fa gbòǹgbò igi tu pẹ̀lú rẹ̀.

Ikán

Bí ewé ọmọ igi kan bá rọ lójijì ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tutù, ẹ dì í mú kí ẹ fà á. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í jẹ́ kó jáde bẹ́ẹ̀. Tó bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ máa rí i pé wọ́n ti jẹ èèpo ìdí rẹ̀ yí po, lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n ti jẹ gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, kó kù bí ṣóńṣó ẹnu pẹ́ńsùlù. Kì í sábà jẹ́ àwọn tó mọ òkìtì ọ̀gán gogoro ló burú jù. Àwọn kéékèèké tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ láì ní òkìtì ló ń pa ọmọ igi. Ìdí nìyẹn tí wíwú òkìtì tó wà lẹ́bàá oko kì í fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Láyé àtijọ́, aldrin àti dieldrin, oògùn tó ń pa kòkòrò, ni wọ́n ń pò mọ́ erùpẹ̀ nọ́sìrì. Wọ́n wà lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ti 2001 fòfin dè, nítorí wọn kì í tán nílẹ̀, wọ́n sì ń wọ inú oúnjẹ. Ẹ má ra ohunkóhun tí wọ́n bù sínú ìgò láì ní orúkọ lára. Oògùn tó wà lónìí bíi imidacloprid tàbí fipronil, inú ọ̀rá la ń bu ú sí, ní ọjọ́ kan sí méjì kí a tó gbìn ín, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kó má dé odò, kó má sì kan òdòdó tí oyin ń bà lé. Agbára rẹ̀ á dín kù kí ọdún tó yí po, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan la ó gbójú lé.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Oko tí a ro mọ́ tónítóní, tí a sun gbogbo igi òkú inú rẹ̀, kò fi oúnjẹ kankan sílẹ̀ fún ikán àyàfi igi tí a gbìn. Ẹ jẹ́ kí pòpórò àgbàdo àti ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí ilẹ̀ láàárín ìlà. Wọ́n á máa jẹ ìyẹn. Àmọ́ kí koríko gbígbẹ tí ẹ fi bo ìdí igi jìnnà sí ara igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí òkè ìdí rẹ̀ lè máa rí atẹ́gùn. Eérú àti ewé dóńgóyárò tí àwọn kan ń fi sí ihò lè ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Òjò mẹ́ta, agbára rẹ̀ ti lọ. Igi tó ń mu omi tó, tí koríko kò sì fún mọ́lẹ̀, kì í tètè bọ́ sọ́wọ́ ikán, torí náà koríko àti ikán, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí orí igi bá ń kú

Àìsàn kan wà tí wọ́n sábà máa ń pè ní ọ̀gbẹlẹ̀. Igi ti ga ju èèyàn lọ, ó ń yára. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ṣóńṣó orí rẹ̀ gbẹ, ewé ọ̀mùnú nípọn, ó kákò, iṣan ewé rí bí èyí tó lé èépá. Tí òjò bá dé, ẹ̀ka mẹ́ta sí mẹ́rin á dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti abẹ́ ibi tó kú, igi yẹn kò sì ní nà mọ́. Àìtó bórọ́ọ̀nù, èròjà kan tí igi ń fà nínú ilẹ̀, ló fà á. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà, wọ́n sì ti rí i nínú àwọn oko yukalípítọ́sì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọ̀dàn Áfíríkà. Èyí tó ń yára jù ló ń mú jù, nítorí òun ló ń lo bórọ́ọ̀nù jù, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà.

Oògùn rẹ̀ ni borax, iyọ̀ kan tó ní bórọ́ọ̀nù nínú, kò sì wọ́n. Gíráàmù 50 fún igi kan, ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn gbígbìn, kí òjò ṣì wà. Ẹ fọ́n ọn yí igi ká ní òrùka tó jìnnà sí ìdí ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ fi ọkọ́ bò ó. Kó má kan ìdí igi, ẹ má sì ṣe ìlọ́po méjì rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, etí ewé á jóná. Èyí tí orí rẹ̀ ti kú, borax kò ní jí i, àmọ́ ẹ̀ka tuntun á là. Ẹ yan èyí tó tọ́ jù nínú wọn, kí ẹ gé ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́

Oko ńlá kò ṣeé bomi rin, kò sì pọn dandan tí a bá gbìn ín lásìkò. Igi kan tàbí mẹ́wàá nínú ọgbà, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lítà 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, díẹ̀díẹ̀ kó lè wọlẹ̀. Ife omi kan lójoojúmọ́ burú ju kí ẹ má fún un rárá: òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, gbòǹgbò á sì dúró sókè dè é. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró.

Iná igbó ló kù. Kí koríko tó gbẹ tán ní oṣù kọkànlá, ẹ ro ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 5 sí 10 yí oko ká, kí ilẹ̀ hàn gbangba. Ewé rẹ̀ ní òróró nínú, èyí tó já sílẹ̀ sì ń jó geere, nítorí náà kí ẹ gbá inú ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kìíní. Igi tí iná mú lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má fà á tu. Ẹ dúró de òjò méjì. Bí ìdí rẹ̀ bá hù, ẹ gé òkú òkè kúrò kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀mùnú.

Fún ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fẹ́ ọ̀kan sẹ́yìn ilé: camaldulensis kò ní fara da òtútù ibẹ̀. Eucalyptus gunnii láti Tasmania ni èyí tí nọ́sìrì wọn sábà máa ń tà. Ìgbà ìrúwé ni kí ẹ gbìn ín, kó lè ta gbòǹgbò kí òtútù tó dé. Kò sí ikán, kò sí iná igbó, àmọ́ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò kò yí padà: ẹ ra kékeré nínú ìkòkò kékeré, ẹ sì bó koríko kúrò ní mítà kan yí i ká.

Gígé, àti híhù lẹ́ẹ̀kejì

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ wo èyí tó bá ní orí méjì, kí ẹ gé èyí tó kéré. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á máa já fúnra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gé wọn, ẹ má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi lọ, nítorí ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò.

Láàárín ọdún 6 sí 8, ó ti tó òpó. Ẹ gé e ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò lè bá ọ̀mùnú. Ayùn ni kí ẹ lò, kì í ṣe àdá: àdá ń ya èèpo kúrò lára kùkùté, abẹ́ èèpo yẹn ló sì ti ń hù. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ lókè ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ kí omi má dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mùnú á jáde. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi ga tó mítà 2 sí 3, nítorí èyí tí ẹ bá tètè yàn, ìjì lè fà á ya. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀, àwọn tó hù nísàlẹ̀ jù, ní apá ibi tí ìjì ti ń wá, kí atẹ́gùn máa tì wọ́n mọ́ kùkùté dípò kó máa fà wọ́n kúrò. Gbòǹgbò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn wọ̀nyí á yára ju ìyá wọn lọ. Kùkùté kan lè fún yín ní igi lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ kó hù mọ́, ní ọjọ́ tí ẹ gé e gan-an ni kí ẹ bó gbogbo èèpo kùkùté rẹ̀ títí dé abẹ́ ilẹ̀, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.